Omi Inú Búútà

Ẹ̀yìn Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ni mọ́ṣáláṣí náà wà, nínú kọ̀rọ̀ kan tí ọkọ̀ kò lè gbà kọjá, tó jẹ́ pé bí ènìyàn méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn. Kò tóbi. Ìlà mẹ́fà ni inú rẹ̀ gbà. Ìlà keje a máa bọ́ síta, sórí ẹní ọ̀rá. Lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́bàá gọ́tà, àpótí onígi kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìjókòó ti mú kó máa dán. Orí àpótí yìí ni Bàbá Ládàánì, ẹni tó ń pe ìrun níbẹ̀, máa ń jókòó sí ṣe àlùwàlá. Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, tí mo wá ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò náà, ni mo ti ń wò ó. N kò tíì rí ẹni tó mọ omi í lò bíi tirẹ̀.

Búútà ọ̀rá lásán ló ń lò, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà gbogbo, aláwọ̀ ewé, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ bí ọrùn lékeléke. Omi líta méjì ló ń gbà. Bí Bàbá bá ń bu omi sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì, kì í jẹ́ kó kún dé ẹnu, nítorí búútà tó bá kún jù a máa da omi nù kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ lára rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan nígbà náà ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Ará Èkó mọ iyì omi. Ọ̀sà ló yí erékùṣù wa ká, síbẹ̀ omi kànga wa ní iyọ̀ nínú, omi ẹ̀rọ a sì máa wá nígbà tó bá wù ú. Nínú kọ̀rọ̀ bíi tiwa, àwọn mẹ́ruwà ló ń gbé omi kiri, kẹ́ẹ̀gì jọ gègèrè lórí ọmọlanke, ariwo táyà wọn a sì máa ṣáájú ìpè àsùbáà. Omi yìí kan náà ti dá ìjà ńlá sílẹ̀ rí. Ní 1908, nígbà tí ìjọba òyìnbó ní àwọn fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó kí ará ìlú sì máa sanwó rẹ̀, àwọn ará Èkó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fẹ́ fà á. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìgá, ó kan Ọba Èṣùgbàyí Elékòó, ó kan Herbert Macaulay. Nígbà tó di 1916 tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà, ìlú dàrú, ọ̀rọ̀ omi sì la àárín àwọn Mùsùlùmí Èkó sí méjì: ẹgbẹ́ Lèmọ́ọ̀mù ní ká gbọ́ ti ìjọba, ẹgbẹ́ Jámáà, tí àwọn ló pọ̀ jù, ní àwọn kò san. Ìyapa náà pẹ́ nílẹ̀, ó dé ilé ẹjọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá rí búútà lọ́wọ́ Bàbá. Àwọn tó kírun ní àdúgbò yìí ṣáájú wa bá ara wọn jà lórí omi, omi náà ni wọ́n sì fi ń wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó lọ síwájú Ọlọ́run.

Télọ̀ ni Bàbá kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu-Ọ̀wá ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, agbádá ló sì mọ̀ ọ́n rán jù. Ó ṣì hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń fi sísọ́ọ̀sì la aṣọ òkè aláṣọ láti kékeré, tó mọ̀ pé bí òun bá ṣì í gé, kò sí òmíràn, ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sáré, kì í sì í padà sẹ́yìn.

Ó jókòó, ó kọjú sí Kíbílà. Láti Èkó, ìlà oòrùn tó yà sí àríwá ni Mẹ́kà wà, nítorí náà àpótí rẹ̀ kò bá ògiri dọ́gba, ó yà, gẹ́gẹ́ bí ìlà ara kápẹ́ẹ̀tì inú mọ́ṣáláṣí ṣe yà sí ògiri tirẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi kọ́ orúnkún. Ó ká ọwọ́ jalabíà sókè ní ìṣẹ́po mẹ́ta tó dọ́gba, tó kọjá ìgúnpá dáadáa. Aago ọwọ́ ti wà nínú àpò. Ètè rẹ̀ mì, ó ti ṣe bísímílà. Ọwọ́ òsì ló fi mú búútà. Kì í gbé e sókè rárá. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń tẹ̀, omi a sì yọ tín-ín-rín bí òwú tó ń jáde lára máṣínì. Ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ó gbé búútà kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ara wọn, ìka wọnú ìka, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó yọ ẹnu, omi kò ju ìwọ̀n tó lè kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lọ, ó sì gbé e káàkiri kó tó tú u sí gọ́tà láìsí ariwo. Ó fa omi símú, ó fi ọwọ́ òsì fun ún.

Ibi ojú ni mo fẹ́ràn jù. Púpọ̀ nínú wa, omi la máa ń gbá lu ojú, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ a sì fò lọ sára aṣọ tàbí sára ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá kì í gbá a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà bí ẹni gbé ẹyin, ó gbé e lé ibi tí irun orí ti pin, ó wá tú àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Omi ń sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ń tẹ̀lé e. Àtàǹpàkò méjèèjì gba abẹ́ àgbọ̀n pàdé ara wọn, ìka yòókù ya inú irùngbọ̀n funfun bí òòyà. Ìlà pọ̀ níwájú orí rẹ̀, ọjọ́ orí ló fà á; ó fi ìka na awọ ibẹ̀ kí omi lè wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó fi orí ìka nu ìkángun ojú, bóyá ipin kù níbẹ̀. Láti etí dé etí, kò sí ibi tó gbójú fò.

Ó kan apá. Ó da omi sí kòtò àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó gbé búútà sílẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ náà dìde tó fi jẹ́ pé omi fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sí ìgúnpá. Ọwọ́ òsì ń bá a lọ bí ìyá tó ń tẹ̀lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó ń pa á mọ́ iwájú, ó ń pa á mọ́ ẹ̀yìn, ó yí ìgúnpá po. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta lósì. Fún orí, ó kàn rẹ ọwọ́ ni: láti iwájú orí dé ìpàkọ́, láti ìpàkọ́ padà síwájú. Ó rẹ ìka lẹ́ẹ̀kan sí i fún etí. Nígbà tó dé ẹsẹ̀, ó sún ìdí sẹ́yìn, nítorí orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ àtẹ̀pọ̀ mọ́, ó sì ki ọmọńdinrín ọwọ́ òsì bọ àárín ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí jù, ó ń fi ọwọ́ tẹ omi wọ inú ibi tó sán, nítorí Ànábì kìlọ̀ gidigidi nípa gìgísẹ̀ tí omi kò dé.

Ó na ìka ìfábẹ̀lá sókè, ó jẹ́rìí pé kò sí ọlọ́run mìíràn bí kò ṣe Allah. Mo wo inú búútà. Omi tó lò kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ọjọ́ kan ni mo tó bi í léèrè. “Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé omi ti dé ibi gbogbo? Ẹ kì í wo apá yín rárá.”

Ó ní, “Ọwọ́ ló ń sọ fún mi, ọmọ mi. Ibi tó bá gbẹ, a máa fa ọwọ́. Ibi tó bá tutù, ọwọ́ a yọ̀ kọjá. Gbìyànjú ẹ̀ wò.”

Mo gbìyànjú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àlùwàlá, n kò mọ̀ pé ara lè fèsì.

Ohun tí àwọn àgbà ń fi kọ́ni nílé kéwú nìyí láìṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Al-Kùránì fúnra rẹ̀, nínú súrà karùn-ún, ẹsẹ̀ kẹfà, dárúkọ ojú, ọwọ́ dé ìgúnpá, orí àti ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Àwọn onímọ̀ Màlíkì, tí ọ̀nà wọn ni àwọn baba wa gbà ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ka ọ̀ranyàn àlùwàlá sí méje: àníyàn ọkàn, ojú, ọwọ́ méjèèjì, fífi omi pa orí, ẹsẹ̀ méjèèjì, fífi ọwọ́ pa ara, àti ṣíṣe gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láìdúró. Ẹ wo ẹ̀kẹfà yẹn dáadáa. Lójú wọn, bí omi bá kàn ṣàn lára ènìyàn, kò tíì tó. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ bá a dé ibẹ̀. Inú ìwé pẹlẹbẹ Al-Akhdari, ọmọ ilẹ̀ Àlgéríà ti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú ti ń kọ́kọ́ pàdé méje yìí, a sì máa ń kà á lórí bí ẹni ka oókan, eéjì. Ó wá yé mi níwájú Bàbá pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni ìwé náà ń sọ, bí ọ̀gá télọ̀ ṣe máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó fọwọ́ tẹ aṣọ kó tó rán an.

Ìwọ̀n omi náà kì í ṣe àwárí tirẹ̀. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àfáà pé múdù omi kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Múdù yìí kì í ṣe múdù ọjà wa, èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí. Ìyẹn tóbi jù ú lọ. Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì àgbàlagbà bá gbà nígbà tó kún ni múdù Ànábì, kò sì tó líta kan. Òun náà ni a fi ń wọn jákà nígbà tí ààwẹ̀ bá parí, múdù mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, ti ọmọ ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn bí ìwọ̀n kan náà ṣe wà fún omi tí ènìyàn fi ń wẹ ara rẹ̀ àti oúnjẹ tó ń gbé fún aláìní. Bàbá a máa wọn jákà ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀rọ omi kan wà nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí náà o, tí wọ́n fà láti ara táǹkì. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń lò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ṣí i sílẹ̀ gbàràgàdà, omi ń ya, òun náà ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bàbá dìde lórí àpótí. Kò pariwo, kò na ọmọ. Ó lọ yí ẹ̀rọ náà títí omi fi di okùn òwú kan ṣoṣo, ó sì padà wá jókòó. Ọmọ náà wo omi, ó wo Bàbá, ó tún gbogbo àlùwàlá rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àfáà máa ń kọ́ wa pé kéèyàn má fi omi ṣòfò, bó tilẹ̀ jẹ́ etí odò tó ń ṣàn ló jókòó sí. Ẹ̀kọ́ náà dùn ún sọ. Títì ẹ̀rọ láìsọ̀rọ̀ ṣòro jù ú lọ.

Nígbà ààwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a tún yí padà. Omi ẹnu a dín kù, kò ní í gbé e dé ọ̀fun. Ti imú, ẹnu ihò imú nìkan ló ń fi í kàn, nítorí aláàwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fà á jìnnà. Ní alásàárì, nígbà tí oòrùn Èkó ti gbẹ ènìyàn lẹ́nu bí pánla, ẹ wo bó ṣe ń yọ omi lẹ́nu tó sì ń dà á nù láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan yí sọ́nà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ààwẹ̀ ní ìhòòhò rẹ̀.

Lẹ́yìn àlùwàlá ni ìpè. Kò sí ẹni tí kò ní fóònù tó ń sọ àkókò ìrun mọ́, Bàbá náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji òpó ẹnu ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ wò ní àìlà àti alásàárì. Ó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òpó náà kì í ní òjìji lọ́sàn-án gangan. Òótọ́ ni: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin àti ti oṣù Kẹsàn-án, orí Èkó ni oòrùn máa ń gbà kọjá ṣánṣán. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé kankan.

Ohùn ńlá wà láyìíká rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe, èyí tí wọ́n ṣí ní 1988, ní gbohùngbohùn tó ń dé ibi púpọ̀ lórí erékùṣù. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey náà wà ní òpópónà Martins, tí João Baptista da Costa, ọ̀gá kọ́lékọ́lé láàárín àwọn Agudà, kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894, nígbà tí Abdullah Quilliam wá láti Liverpool gbé oyè Bey fún Mohammed Shitta lórúkọ Sọ́tàánì Turkey. Bàbá kì í bá àwọn wọ̀nyẹn du ohùn. Ó ń dúró kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó wá gba àárín wọn bọ́ sí i.

Ó dúró ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó fi èékánná kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó ki ìka bọ etí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ohùn ló ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀, tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ọkọ. Nínú èdè Lárúbáwá, gígùn fáwẹ̀lì ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ládàánì olóhùn dídùn ti ń ṣubú. Bí ẹni tó ń pe ìrun bá fa ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Allah gùn, ohun tó yẹ kó jẹ́ ìkéde á di ìbéèrè. Bó bá fa òpin “akbar” gùn, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ yẹn, tó ń jẹ́ ìlù. Etí Yorùbá wa fẹ́ràn àfàgùn, orin ti mọ́ wa lára, ìdí nìyí tí mo fi ka ìkóra-ẹni-níjàánu Bàbá sí iṣẹ́ ńlá. Àárín “Allah”, níbi tí gígùn ti tọ́ sí i, ló ti ń fà á. Ó fà á títí ẹ ó fi rò pé èémí rẹ̀ ti tán. “Akbar”, ó gé e bí ẹni já òwú. Fún “hayya”, ó mú háà náà láti inú ọ̀fun wá, ìró tí èdè wa kò ní. A ti sọ “al-wudu” di àlùwàlá, ó gba ẹnu Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti di tiwa. Ṣùgbọ́n nínú ìpè, Bàbá kò sọ ohunkóhun di tiwa. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe gbà á.

Ẹ ó gbọ́ ohun kan tí yóò ya àlejò lẹ́nu. Lẹ́yìn kábárà méjì àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, bíi pé iná ẹ̀rọ ti lọ. Ìjẹ́rìí méjèèjì ló ń sọ jẹ́ẹ́, kó tó tún gbé wọn sókè pẹ̀lú gbogbo agbára. Bí àwọn Màlíkì ṣe ń pè é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ti fi í sílẹ̀ báyìí. Nínú kọ̀rọ̀ yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ohùn àgbàlagbà yẹn bá lọ sílẹ̀ báyẹn, ṣe ló ń dà bíi pé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ́rìí fún, kó tó wá sọ fún Ìsàlẹ̀ Èkó.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sílé ara mi, mo pẹ́ dé. Ìlà keje ni mo bọ́ sí, lórí ẹní ọ̀rá. Bàbá ti ń ṣe ìkámọ̀ nínú, ó yára díẹ̀ ju ìpè lọ, àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wá ẹsẹ̀. Mẹ́ruwà kan ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹnu kọ̀rọ̀, kẹ́ẹ̀gì kún orí rẹ̀, ó sì sáré wọlé. Kò ṣí kẹ́ẹ̀gì kankan nínú tirẹ̀. Omi olómi ni, àwọn kan ti sanwó rẹ̀. Ó rí búútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó gbé e, ó mì í létí, ó gbọ́ pé omi ṣì kù níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí Bàbá, ó ká aṣọ sókè, ó tẹ ọrùn ọwọ́, omi sì yọ tín-ín-rín. Kò kánjú. Nígbà tí Lèmọ́ọ̀mù fi máa gbé ọwọ́ sókè, ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omi ń kán ní ìgúnpá rẹ̀ sórí ẹní, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì.